Ilẹ̀ òkè Puna: Afẹ́fẹ́ ló ń gbẹ́ òkúta, àpáta ló ń pinnu ibi tí yóò gbẹ́

Ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ajẹntínà, lẹ́bàá ààlà Chile, ni ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Puna wà. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, àmọ́ orí òkè Andes ló tẹ́jú sí: ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀ ga tó 4,000 mítà ju òkun lọ. Òun àti Altiplano tó so mọ́ ọn ni ilẹ̀ òkè títẹ́jú tó tóbi ṣìkejì láyé, lẹ́yìn ti Tibet. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀, ewéko ò sì tó nǹkan. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀, láti apá àríwá ìwọ̀-oòrùn.

Ẹni tó bá dé Campo de Piedra Pómez, ní ìpínlẹ̀ Catamarca, yóò rí iṣẹ́ ọwọ́ afẹ́fẹ́ yìí kedere. Àpáta funfun lọ súà níbẹ̀, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà bí ọkọ̀ ojú omi tó tò tẹ̀léra wọn. Iwájú wọn tó dojú kọ afẹ́fẹ́ ga, ẹ̀yìn wọn sì ń tín-ín-rín lọ sílẹ̀. Yardang ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Bí o bá sún mọ́ ọ̀kan, wàá rí i pé òkè rẹ̀ le, ó sì pọ́n díẹ̀, àmọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun, ó sì ti jẹ wọnú.

Afẹ́fẹ́ lásán kò lè gbẹ́ àpáta. Iyanrìn tó gbé dání ló ń bá a ṣiṣẹ́. Iyanrìn kì í sì í fò ga. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í fò kọjá mítà kan sókè. Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ àpáta fi ń jẹ ju orí lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí ló dé tí ibí fi jẹ tí ọ̀hún kò jẹ? Àpáta fúnra rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ignimbrite ni: òkè oníná ló bú gbàmù, tí eérú gbígbóná, gáàsì àti òkúta fúyẹ́fúyẹ́ ya bo ilẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń tutù, ó ń sán káàkiri. Gáàsì gbígbóná tó ń jáde mú kí apá kan le, apá kan sì rọ̀. Ojú ibi tó sán ni iyanrìn wọ̀, tó ń fẹ̀ ẹ́ títí tó fi di ọ̀nà. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń tọ̀ lónìí, iná ló ti kọ́kọ́ la púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ìgbì òkúta wẹ́wẹ́, ìyẹn òkúta wẹ́wẹ́ tó tò bí ìgbì omi, tó wà ní àgbègbè kan náà. Ní 2009, Juan Pablo Milana, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Ajẹntínà, kọ̀wé pé àwọn kan ga tó 2.3 mítà, ó sì ní afẹ́fẹ́ líle bí ìjì ńlá ló kó wọn jọ. Ní 2013, Shanaka de Silva ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àlàyé mìíràn wá. Wọ́n ní àpáta wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ìgbì náà. Iyanrìn tó ń ta ló ń ti òkúta wẹ́wẹ́ síwájú díẹ̀díẹ̀, ó sì rọrùn fún un, nítorí púpọ̀ nínú àwọn òkúta náà fúyẹ́ débi pé wọ́n lè léfòó lórí omi. Ibi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀ ni àwọn òkúta náà ń dúró sí. Wọ́n á wá bo àpáta ibẹ̀, iyanrìn ò ní lè jẹ ẹ́ mọ́. Kòtò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kò ní ìbòrí ni yóò máa jìn sí i. Lójú tèmi, àlàyé yìí ló fìdí múlẹ̀ jù, nítorí kò fi gbogbo iṣẹ́ náà fún afẹ́fẹ́ nìkan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò nípọn tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ti ayé wa, síbẹ̀ yardang pọ̀ ní àgbègbè ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Medusae Fossae. Nítorí náà, ẹni tó bá rí àwòrán ìgbì tàbí òkúta gbígbẹ́ láti Máàsì, kó má tíì sọ bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe le tó. Kó kọ́kọ́ béèrè irú àpáta tó wà lábẹ́ rẹ̀.