Ìwé Maigret: ọ̀gá ọlọ́pàá tó ran ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́ láti sá lọ

Ẹlẹ́wọ̀n kan wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n La Santé nílùú Paris. Ilé ẹjọ́ ti dájọ́ ikú fún un, wọ́n fẹ́ bẹ́ ẹ lórí. Lóru ọjọ́ kan, ó bá ọ̀nà ní ṣíṣí sílẹ̀, ó sì sá lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọlọ́pàá tó mú un gan-an ló ṣètò rẹ̀, tó sì fara pamọ́ síta tó ń wò ó.

Bí La Tête d'un homme ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìwé tí Georges Simenon, ọmọ bíbí ìlú Liège ní Belgium, kọ lédè Faransé ní 1931. Ìtumọ̀ orúkọ ìwé náà ni Orí Ọkùnrin Kan. Láti 1931 sí 1972, ìwé márùndínlọ́gọ́rin (75) ni Simenon kọ nípa ọ̀gá ọlọ́pàá yìí, Jules Maigret, láìka àwọn ìtàn kéékèèké.

Joseph Heurtin ni ẹlẹ́wọ̀n náà, ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé òdòdó lọ fún àwọn oníbàárà. Wọ́n ní ó pa opó olówó kan, ará Amẹ́ríkà, àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Saint-Cloud. Ipasẹ̀ rẹ̀ àti àmì ìka rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rí pé pérépéré. Síbẹ̀, ọkàn Maigret kò balẹ̀: ọkùnrin náà kò jí nǹkan kan. Kí ló pààyàn fún? Maigret bá tọ àwọn aláṣẹ lọ, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ dógò pé bí òun kò bá rí òótọ́ ọ̀rọ̀ náà, òun yóò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

A kò ní sọ ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà fún yín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ní La Coupole, ilé ọtí tí àwọn ayàwòrán àti olówó ń lọ ní Montparnasse, Maigret pàdé ẹnìkan tó gbà pé òun gbọ́n ju gbogbo ọlọ́pàá lọ. Sùúrù ni Maigret fi bá a jà.

Ohun tó mú wa fẹ́ràn ìwé yìí ni pé kò sẹ́ni tó fìyà jẹ Heurtin kó tó rojọ́, kò sì sẹ́ni tó gba rìbá. Gbogbo nǹkan lọ bí òfin ṣe wí, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kí orí aláìṣẹ̀ bọ́. 1981 ni Faransé tó fòpin sí ìdájọ́ ikú. Ó ṣì wà nínú òfin Nàìjíríà títí dòní. Ọlọ́pàá tó lè yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀mí èèyàn ló ń gbà là.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbádùn Lápàdé nínú Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kò ní ṣàjèjì sí Maigret. Penguin ti tẹ ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì jáde, A Man's Head lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ará wa láti Kétu àti Sakété tẹ́ ẹ fi Faransé kàwé, ẹ ka ojúlówó rẹ̀: gbólóhùn Simenon kúrú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ta kókó.