Ọwọ́ Tí Ó Ń Fún Ọsán Ìlù: Bí A Ṣe Lè Fi Ẹ̀rọ Kékeré Wọ̀n Ọ́n

Etí ni àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ gbára lé jù lọ bí a bá ń ṣiṣẹ́ lórí ìlù dùndún. A gba ohùn ìlù sílẹ̀, a fi àmì sí i, a sì tú u sí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ń fún ọsán, tí ó sì ń tú u sílẹ̀, kì í hàn nínú ohun tí a gbà. Ọwọ́ yìí ni ó ń yan ohùn. Kọ̀ǹgọ́ wulẹ̀ ń mú un dún ni. Àwọn àgbà onílù wa ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ sì ń bá wọn lọ. Ìdí nìyí tí n óò fi bá yín sọ̀rọ̀ wáyà àti iná mànàmáná lónìí.

Ẹ̀rọ tí mo ní lọ́kàn ni Arduino Uno. Ìlú Ivrea ní Ítálì ni wọ́n ti dá Arduino sílẹ̀ ní ọdún 2005, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ẹnjiníà, nítorí náà kí ó má ṣe bà yín lẹ́rù. Ohun tí yóò mọ ìtẹ̀ ọwọ́ ni FSR 402, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tí a dì mọ́ra. Ọ̀kan ní ojú ọ̀nà iná tí ó wọnú ara wọn bí eyín òòyà. Èkejì ní ọ̀dà dúdú tí iná lè gbà kọjá. Bí a kò bá tẹ̀ ẹ́, iná kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ọ̀nà rárá. Bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ sí i ni ìdènà rẹ̀ ń dínkù.

Arduino kò lè ka ìdènà. Volt nìkan ni ó ń kà. A nílò rẹ̀sísítọ̀ kan tí ìdènà rẹ̀ kì í yí padà, ti ohm 10,000. A so ẹsẹ̀ kan FSR mọ́ 5V, a so èkejì mọ́ A0; láti A0 yìí kan náà ni rẹ̀sísítọ̀ yóò ti lọ sí GND. Láìsí rẹ̀sísítọ̀ yìí, ségesège ni iye tí A0 yóò máa kà.

Arduino pín volt 5 sí ọ̀nà 1,024, láti 0 dé 1023. Bí ìdènà FSR bá jẹ́ ohm 30,000, A0 yóò ka nǹkan bí 256. Bí ó bá jẹ́ 10,000, nǹkan bí 512. Bí ó bá jẹ́ 2,500, nǹkan bí 819. Ẹ kíyè sí i pé ìfiwéra ìdènà méjì ni iye yìí. Kì í ṣe ìwọ̀n agbára ọwọ́, áḿbọ̀sì ohùn. 800 kò sì túmọ̀ sí pé ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì 400.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ohùn èdè wa rí. Ohùn òkè ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ nípọn lè rẹlẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lọ, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yé wa, nítorí pé a ń fi ohùn kan wé èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá kéde pé 700 ni ohùn òkè dùndún ti ṣìnà.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí a kò fi lo bọ́tìnì mẹ́ta, fún òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ẹ pe ‘náà’. Ohùn yọ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Onílù a sì máa dẹ ọwọ́ lára ọsán lẹ́yìn tí kọ̀ǹgọ́ bá ti ba awọ. Bọ́tìnì kò mọ yíyọ̀. Arduino lè ka A0 ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú ọ̀nà ìyọ̀ náà yóò sì hàn.

Orí ìlù ni iṣẹ́ ti ṣòro. Ọsán kò tẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ni FSR kò fẹ́ kí a ká òun kò. Bí a bá wé e mọ́ ọsán, kíká náà nìkan yóò mú iye wá kí ọwọ́ tó kàn án. Mo fara mọ́ ọn kí á fi ike líle kékeré sí abẹ́ rẹ̀, kí á fi awọ rírọ̀ bò ó, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ti ń ba ọsán. Onílù ni yóò sọ bí ó bá ń dí òun lọ́wọ́, kì í ṣe àwa.

Kí ìjókòó kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, a ó bẹ onílù kí ó lu gbólóhùn kan tí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, a ó sì kọ ohun tí A0 kà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn tí a gbà. Bí oòrùn bá pa awọ ìlù, tàbí tí onílù gbé ìlù mìíràn, a ó tún un ṣe.