Ẹ Béèrè Iye Nọ́ọ̀sì Tó Ń Ṣiṣẹ́ Lóru

Bí wọ́n bá ní kí ẹnì kan lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn ní Òkè-Ògùn, yálà ìpá ni o, yálà obìnrin tí ọmọ kọ̀ tí kò jáde ni, ohun tí ẹbí máa ń kọ́kọ́ béèrè kò ju méjì lọ: dókítà wo ló máa ṣe é, èló sì ni? Ìbéèrè méjèèjì dára. Èyí tó yẹ kó ṣáájú wọn ló ṣọ̀wọ́n lẹ́nu èèyàn: nọ́ọ̀sì mélòó ló máa wà ní wọ́ọ̀dù lóru ọjọ́ náà? Èrò tèmi ni pé ìdáhùn ìbéèrè yìí ló sábà ń pinnu bóyá aláìsàn á padà sílé. Lọ́dọ̀ wa, orí tábìlì tíátà kọ́ ni ẹ̀mí ti ń bọ́ jù. Orí bẹ́ẹ̀dì ni, nígbà tí dókítà ti lọ sílé, tí ara aláìsàn ń yí padà díẹ̀díẹ̀, tí kò sí ẹni tó tètè rí i.

Ẹ̀rí wà fún un. Lọ́dún 2016, àwọn oníṣègùn ní orílẹ̀-èdè 25 nílẹ̀ Áfíríkà para pọ̀ ṣe ìwádìí kan. Nàìjíríà wà níbẹ̀, Benin àti Tógò náà wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní ilé ìwòsàn 247 sílẹ̀, aláìsàn náà sì lé ní 11,000. Ìwé ìṣègùn The Lancet gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2018. Ọjọ́ orí àwọn èèyàn wọ̀nyí kò pọ̀ tó ti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ níbòmíì láyé, ara wọn sì le jù, síbẹ̀ ikú tó pa wọ́n tó ìlọ́po méjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: ìṣòro tó máa ń tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ, bí ẹ̀jẹ̀ dídà, ọgbẹ́ kíkẹ̀ àti mímí tí kò já gaara, kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti ibòmíì lọ. Nǹkan bí èèyàn 18 nínú 100 ló bá. Ṣùgbọ́n nínú 100 tó bá, ó lé ní 9 tó kú. Nínú gbogbo àwọn tó kú pátá, ó lé ní 90 nínú 100 tó jẹ́ pé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ti kọjá kí ikú tó dé. Bó bá jẹ́ abẹ ló ń pa wọ́n ni, inú tíátà ni à bá ti máa gbé òkú jáde.

Ká wo ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe gan-an. Oògùn akunnilóorun kì í ṣe oorun tá a ń sùn lálẹ́. Ẹni tó ń sùn lásán, bí itọ́ bá fẹ́ há a lọ́fun, á wúkọ́, á yíra padà. Ẹni tí wọ́n fún lóògùn yìí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: ahọ́n rẹ̀ lè wó sẹ́yìn kó dí ọ̀nà èémí, oúnjẹ tó wà níkùn lè gòkè wá kó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kó má jẹun ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Wákàtí 6 ni fún oúnjẹ fúyẹ́fúyẹ́, ó tó 8 bí ẹran àti ọ̀rá bá wà níbẹ̀. Omi lásán kò burú títí di wákàtí 2 ṣáájú, bí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Àmàlà tó jẹ ní ìrọ̀lẹ́ àná kọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárọ̀. Ẹ̀kọ tí ìyá fi pamọ́ sábẹ́ ìborùn wá fún ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kó lè lágbára, òun ló léwu. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbo. Àwọn egbòogi kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, àwọn mìíràn ń yí ìfúnpá padà, aláìsàn sì máa ń fi bò torí ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má bá a wí. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í bi í bí ọlọ́pàá. “Màmá, èwo lẹ mu lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́?” Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló ń mú òótọ́ jáde.

Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tí wọ́n ń kì bọ ìka, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo bí ọ́síjìn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀dà èékánná tàbí làálì dúdú tí obìnrin lé fún ìnáwó lè mú kó ṣàṣìṣe. Èyí tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020 fi hàn pé lára aláwọ̀ dúdú, ẹ̀rọ yìí ń sọ pé ọ́síjìn tó nígbà tí kò tó, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ju bó ṣe ń ṣe lára aláwọ̀ funfun. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀rọ á gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe, kó ro ìyẹn wò. Nọ́ọ̀sì á ṣí ètè wo, á wo àtẹ́lẹwọ́, á ka bí àyà ṣe ń lọ sókè sódò fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

Nínú ìwádìí tí mo sọ lókè yẹn, bí ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ abẹ náà ló jẹ́ ti obìnrin tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí rẹ̀. Púpọ̀ irú wọn ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn, tí ojú wọn á là sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ wọn á kú fún wákàtí mélòó kan. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò omi gbígbóná ti ọ̀kan nínú wọn lẹ́sẹ̀ nítorí pé ó ń gbọ̀n, á bó o láìjẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n lára. Bó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sábẹ́ ìdí rẹ̀ kí aṣọ ìbora sì funfun báláú lókè, nítorí náà nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ wò. Ara ọ̀dọ́ a máa fi ẹ̀jẹ̀ dídà pamọ́. Ìfúnpá lè dúró bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ìlù ọkàn á ti máa sáré: 84, lẹ́yìn náà 98, lẹ́yìn náà 116. Ẹni tó rí 98 nìkan kò rí nǹkan kan. Ẹni tó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa ké sí dókítà nígbà tí nǹkan ṣì ṣeé tún ṣe. Ẹ wá sọ fún mi bí nọ́ọ̀sì kan á ṣe ṣe ìyẹn fún ọgbọ̀n aláìsàn.

Àwọn kan á ní ẹbí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ni nọ́ọ̀sì púpọ̀ wà fún? Ẹbí ń ṣe gudugudu méje, ó ń fọṣọ, ó ń ra oògùn, ó ń wá ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà á rí aláìsàn tó ń hanrun lọ́nà àìdáa, á ní ó ń gbádùn oorun. Àtakò tó le jù ti inú ìwádìí fúnra rẹ̀ wá. Ní 2021, àwọn oníṣègùn kan náà gbé àbọ̀ mìíràn jáde láti orílẹ̀-èdè 28. Wọ́n ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì àwọn tí ewu wọn pọ̀ sí ibi tí nọ́ọ̀sì ti lè rí wọn, kí wọ́n túbọ̀ máa yẹ̀ wọ́n wò, kí ẹbí jókòó tì wọ́n. Ikú kò dín kù lọ́nà tó hàn. Mi ò ní fo ìyẹn dá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: wọn kò fi nọ́ọ̀sì kún nọ́ọ̀sì. Àwọn tí iṣẹ́ ti bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe sí i, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kò sì rí gbogbo rẹ̀ ṣe. Lójú tèmi, àbọ̀ yẹn kò sọ pé ìṣọ́ kò wúlò. Ó sọ pé àṣẹ kì í ṣọ́ aláìsàn, èèyàn ló ń ṣọ́ ọ.

Níbo wá ni èèyàn wà? Nọ́ọ̀sì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà tó ti forúkọ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé ní 10,000. Ìjọba ibẹ̀ ti ní kí ilé iṣẹ́ má wá fa nọ́ọ̀sì wa lọ mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé, wọ́n ń gbà á. Ní February 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ kọ́kọ́ lo ọdún méjì nílé. Ìbínú ni ìyẹn fà, kò sì kọ́ ilé fún nọ́ọ̀sì kankan. Òkè-Ògùn kì í ṣe ibi tí kò sí ẹni tó lè kọ́ iṣẹ́ yìí. Ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi ní Ṣakí ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tirẹ̀. Ìdúró ló ń ṣòro: ilé tó sún mọ́ ilé ìwòsàn, iná, ọ̀nà tí kò léwu bí iṣẹ́ bá parí lóru. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó lè kun ilé ìwòsàn lọ́dà lọ́dọọdún lè kọ́ yàrá mẹ́fà sẹ́yìn rẹ̀.

Ní tiyín, ẹ̀yin ẹbí aláìsàn, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè iye nọ́ọ̀sì tó máa wà lóru àti iye aláìsàn tó wà lọ́wọ́ wọn. Bó bá jẹ́ ti pàjáwìrì, ẹ má fi falẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìpá tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, tí wọ́n sì ní ẹnì kan ṣoṣo ló máa wà lóru ọjọ́ náà, ẹ ní kí wọ́n sún un sí ọjọ́ tí ọwọ́ bá pọ̀.