Bọ́ọ̀lù Orí Afẹ́fẹ́: Ẹ Ṣọ́ Àwọn Ọmọdé

Àwọn àgbà Ìgbàjà mọ ìkòkò tí àwọn baba fi ń mu tábà. Ohun ìṣeré kan wà tó jọ ọ́. Ọmọdé yóò gbé bọ́ọ̀lù fúyẹ́fúyẹ́ sí ẹnu rẹ̀, yóò fẹ́ atẹ́gùn gba inú ọ̀pá rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà yóò sì dìde, yóò dúró lókè láìsí okùn.

Kì í ṣe idán. Atẹ́gùn tó ń ti bọ́ọ̀lù sókè ló gbé e dúró. Bí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, atẹ́gùn náà yóò rọ̀ mọ́ ọn lára, yóò sì dá a padà sáàárín. Bí èémí bá tán, ó di ilẹ̀.

Ọmọ oko lè fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ àti inú pòròpórò ọkà bàbà tí wọ́n gbẹ́ róbótó dán an wò. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ìbẹ́pẹ gún. Ọmọ ní láti gbójú sókè. Ibẹ̀ ni ewu wà: bó bá fa èémí sínú, bọ́ọ̀lù kékeré lè já sí i lọ́fun.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1994 kò gbà kí wọ́n ṣe bọ́ọ̀lù tó kéré ju mìlímítà 44 lọ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3. Bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì pàápàá kò tó bẹ́ẹ̀. Mìlímítà 40 ni.

Ẹ̀yin tí ọmọ-ọmọ wà lọ́dọ̀ yín, èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sókè bí ìkòkò tábà ló sàn. Ẹ má fún ọmọ kékeré. Kí àwọn tó ti gbọ́n díẹ̀ sì máa ṣe é lójú yín. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.