ÌWỌ̀N ÌMỌ́LẸ̀ NÍNÚ FỌ́TÒ YÍYÀ



Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn, àdúgbò tí Ilé Ìwádìí nípa Igbó ti Nàìjíríà wà, tí igi sì pọ̀ sí, a kó àwọn ọmọ kíláàsì wa jọ sábẹ́ ibòji, a sì ya fọ́tò wọn. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀. Oòrùn ọ̀sán sì ń ràn yòò ní pápá tí ó wà lẹ́yìn wọn. Nígbà tí fọ́tò náà jáde, aṣọ hàn, pápá hàn, ṣùgbọ́n ojú àwọn ọmọ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyá kan gbà á lọ́wọ́ wa, ó wò ó títí, ó ní, "Tíṣà, èwo ni ọmọ tèmi nínú wọn?" Ojú tì wá. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti kámẹ́rà. Tiwa ni, nítorí a kò mọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀.

Fọ́tò yíyà dà bí kí a máa gbe omi òjò. Bí ìkòkò bá fẹnu gbòòrò, kì í pẹ́ kí ó tó kún. Bí ẹnu rẹ̀ bá tóóró, a ní láti fi í sílẹ̀ pẹ́ nínú òjò. Bí ìkòkò náà bá sì kéré, omi díẹ̀ ni yóò kún un. Ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú kámẹ́rà ni ẹnu ìkòkò. Àkókò tí ìlẹ̀kùn kámẹ́rà fi ṣí sílẹ̀ ni bí ìkòkò ti pẹ́ tó nínú òjò. Bí fíìmù ti tètè ń gba ìmọ́lẹ̀ tó, èyí tí a ń fi iye ISO sọ, ni títóbi tàbí kíkéré ìkòkò.

Nọ́ńbà tí a fi ń pe ihò náà ni 4, 5.6, 8, 11 àti 16. Bí nọ́ńbà bá ti ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i, àní bí 1/16 ti kéré ju 1/8 lọ. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì. Nítorí náà ihò 16 fún 1/100 ìṣẹ́jú àáyá àti ihò 8 fún 1/400 jẹ́ ọgbọọgba. Bí oòrùn bá ràn dáadáa, tí ISO sì jẹ́ 100, ihò 16 àti 1/100 ni ó tọ́. Ní abẹ́ ibòji, a óò ṣí ihò náà dé 5.6 tàbí 4.

Kí ni ó wá ba fọ́tò wa jẹ́? Ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà kò mọ ọmọ yàtọ̀ sí aṣọ. Ó ń ṣe bí ẹni pé ohun gbogbo tí ó wà níwájú rẹ̀ dà bí eérú, tí kò funfun, tí kò sì dúdú. Nígbà tí ó rí aṣọ funfun àti pápá tí oòrùn ń ràn sí, ó kà á sí pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì dín in kù. Ojú tí ó wà ní ibòji ni ó jìyà rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro. Kí a kọ ojú àwọn ọmọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Kí a sún mọ́ ojú wọn láti wọn ìmọ́lẹ̀. Bí fóònù ni a ń lò, kí a fi ìka tẹ ojú náà lórí gíláàsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú aláwọ̀ dúdú nìkan ni ẹ̀rọ bá rí, yóò fẹ́ sọ ọ́ di eérú. Nígbà náà, kí a dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan. Àṣejù ni baba àṣetẹ́: ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù a máa bo ojú mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òkùnkùn ti ń bò ó.

Àwọn tí ó ṣáájú wa kò rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lò. Ní Èkó, George da Costa, tí ó ti ṣe alábòójútó Ilé Ìtàwé C.M.S., bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò ní 1895. Ojú àti ìrírí ni àwọn ayàwòrán ìgbà náà fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a gbàgbé pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin òyìnbó, tí wọ́n ń pè ní Shirley, ni ó wà lórí káàdì tí Kodak ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tẹ fọ́tò aláwọ̀, kí wọn lè fi í díwọ̀n àwọ̀ ara. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn ni a fi àwọn ènìyàn dúdú kún un. Nítorí náà, kí a má ṣe fi gbogbo ìdájọ́ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́.

A padà lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a sì tún fọ́tò náà yà. Nígbà tí ìyá náà rí i, kò béèrè ohunkóhun mọ́. Ó fi ìka tọ́ka sí ọmọ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a máa wo ojú ọmọ kí a tó wo aṣọ rẹ̀.