Ẹ̀tù ò jọ ẹ̀tù: Ìdí tí ẹ̀tù inú kátíríìjì fi lè fọ́ ìbọn ṣakabùlà mọ́ ọdẹ lọ́wọ́

Ní ilẹ̀ Okun, láti Kábà dé Ìsánlú, ìbọn ṣakabùlà kì í ṣe ohun àjèjì. Òun làwọn ọdẹ fi ń pa ẹran, òun làgbẹ̀ fi ń lé ọ̀bọ àti òyà kúrò lóko, òun náà sì lọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ìlú ń gbé dání látìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà oko di ohun ẹ̀rù. Ìbọn yìí ò lo kátíríìjì. Ọdẹ fúnra rẹ̀ ló ń wọn ẹ̀tù, òun ló ń kì í láti ẹnu ìbọn, òun náà ló ń fi àkísà àti ọta tẹ̀ lé e.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Tí ẹ̀tù dúdú bá wọ́n lọ́jà, ọkàn ẹlòmíràn lè lọ sórí kátíríìjì ìbọn òyìnbó. Ṣé kì í ṣe ẹ̀tù ló wà nínú òun náà ni? Kí ló dé téèyàn ò ní tú u jáde, kó kì í sínú ṣakabùlà?

Ìdáhùn rẹ̀ kúrú: ẹ má ṣe é láéláé. Ẹ̀tù ni méjèèjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Àlàyé rẹ̀ rèé.

Ẹ̀tù dúdú àti ẹ̀tù tí kì í rú èéfín

Ẹ̀tù dúdú ló dàgbà jù. Èédú, imí ọjọ́ àti irú iyọ̀ kan ni wọ́n pò pọ̀ di ẹ̀tù. Àwọn ará Ṣáínà ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Tó bá jó, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó máa ń di èéfín àti ẹ̀gbin tó ń lẹ̀ mọ́ inú ìbọn. Ìdí nìyẹn tí ìbọn ọdẹ fi máa ń tú èéfín funfun bolẹ̀ tó bá ti dún.

Ẹ̀tù kejì kò tíì pé àádọ́jọ ọdún. Paul Vieille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é ní ọdún 1884. Kì í ṣe èédú ni wọ́n fi ṣe é. Òwú tí wọ́n ti fi ásíìdì yí padà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wọn òun àti ẹ̀tù dúdú lọ́gbọọgba, agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Òun ló wà nínú kátíríìjì ayé òde òní, yálà ti ìbọn ìlewọ́ ni tàbí ti ìbọn gígùn.

Àmọ́ agbára nìkan kọ́ ni ìyàtọ̀ wọn. Ẹ̀tù tuntun yìí ní ìwà kan: tí wọ́n bá há a mọ́ inú irin, bí afẹ́fẹ́ gbígbóná ibẹ̀ bá ṣe ń fún mọ́ra sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tù náà á máa yára jó sí i. Bó bá sì ṣe ń yára jó, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà á tún máa fún mọ́ra sí i. Ọ̀kan ń ti èkejì. Ẹ̀tù dúdú kì í ya wèrè tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà lára ìbọn ìlewọ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe gba ìṣọ́ra tó, kó wo Amẹ́ríkà. Òfin ibẹ̀ fàyè gba aráàlú láti máa ṣe ọta fún ìbọn ara rẹ̀ nílé. Àwọn kan níbẹ̀ ń kó kóróbo kátíríìjì tí wọ́n ti yìn jọ, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì tún rọ ẹ̀tù sí i. Ìbọn tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe é fún ni revolver, ìyẹn ìbọn ìlewọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń wò ni bí ẹ̀tù ṣe ń yára jó tó. Ọ̀pá revolver kúrú, ọta kì í pẹ́ jáde níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀tù tó ń yára jó ni wọ́n ń lò fún un, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Bullseye. Ẹ̀tù ìbọn gígùn ń jó díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá fi sínú ìbọn kúkúrú, ọta á ti jáde kí ẹ̀tù tó jó tán. Tí wọ́n bá sì fi ẹ̀tù ìbọn kúkúrú kún inú kátíríìjì ìbọn gígùn, ìbọn náà lè fọ́ yángá.

Ohun kejì ni ìwọ̀n. Ọta kan wà tí wọ́n ń pè ní .38 Special, ọdún 1898 ló jáde. Láyé ìgbà yẹn, ẹ̀tù dúdú tó tó nǹkan bíi gíráàmù 1.4 ló ń wọ inú kátíríìjì rẹ̀, ó sì máa ń kún. Lónìí, tó bá jẹ́ ẹ̀tù bíi Bullseye ni, ohun tí wọ́n ń rọ sínú kátíríìjì kan náà kò tó gíráàmù 0.25. Kátíríìjì ọ̀hún á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Tí ẹni tó ń rọ ọ́ bá gbàgbé, tó rọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní kún, ojú ò sì ní tètè rí i. Ọjọ́ tó bá yìn ín ni yóò mọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń yan ẹ̀tù tó fẹ̀, tó ń gba àyè púpọ̀, kó lè jẹ́ pé tí èèyàn bá ṣe àṣìṣe, ẹ̀tù á kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Wọn kì í fojú díwọ̀n rárá. Òṣùwọ̀n kékeré ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ìwé tí àwọn tó ṣe ẹ̀tù náà tẹ̀ jáde. Tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá ni wọ́n ń yọ kúrò nínú ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí ìwé náà gbà láàyè.

Ẹ wá padà sílé

Nílẹ̀ wa, ìdérí igò, ìwo kékeré tàbí àtẹ́lẹwọ́ lọ̀pọ̀ ọdẹ fi ń wọn ẹ̀tù. Tó bá jẹ́ ẹ̀tù dúdú ni, ìwọ̀n àtọwọ́dọ́wọ́ yìí ṣì lè mú un dé ilé. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀tù kátíríìjì ló bu sínú ìdérí kan náà, ó ti ki ìlọ́po ìlọ́po agbára tí ìbọn rẹ̀ lè gbé.

Irin ìbọn náà tún wà níbẹ̀. Páìpù omi tàbí irin ara ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ fi ń ṣe ọ̀pá ṣakabùlà. Kò sẹ́ni tó dán an wò bóyá ó lè gba agbára ẹ̀tù ìgbàlódé. Tó bá bẹ́, ẹ̀gbẹ́ ojú ọdẹ ló ti máa bẹ́, ọwọ́ tó fi di ìbọn mú ló sì máa kọ́kọ́ gé.

Bí ṣakabùlà ṣe kù sọ́wọ́ wa

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ìbọn tó dára jù bẹ́ẹ̀. Ní Brussels lọ́dún 1890, àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí àdéhùn kan tó dí ọ̀nà mọ́ ìbọn ìgbàlódé àti ọta rẹ̀ kó má baà wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà. Ìbọn olókùúta ìṣáná àti ẹ̀tù dúdú lásán ni wọ́n fàyè gbà, ìyẹn náà pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gba Kábà wọ ìlú Bídà, ìbọn Maxim ló wà lọ́wọ́ tiwọn.

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 náà pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Revolver àti gbogbo ìbọn ìlewọ́ tó ń lo ẹ̀tù wà lára èyí tí a kà léèwọ̀; Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè yọ̀ǹda rẹ̀. Ìbọn ọdẹ oníkátíríìjì wà ní ìsọ̀rí kejì, ṣakabùlà sì wà ní ìkẹta. Àwọn méjèèjì yìí náà gba ìwé àṣẹ. Òfin kan náà ò gbà kí ẹnikẹ́ni máa ṣe ọta ìbọn nílé ara rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ará Amẹ́ríkà ń ṣe láìsí wàhálà lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n níbí.

Ohun tó yẹ kí ọdẹ máa ṣọ́

- Ẹ̀tù dúdú nìkan ni ti ṣakabùlà. Ẹ má tú kátíríìjì, ẹ má sì po ẹ̀tù méjèèjì pọ̀.
- Ẹ má fi àwọ̀ dá ẹ̀tù mọ̀. Ẹ̀tù kátíríìjì náà lè dúdú. Èyí tí ẹ ò bá mọ ibi tó ti wá, ẹ má rà á.
- Ohun ìwọ̀n kan ṣoṣo ni kí ẹ máa lò. Tẹ́ran bá tóbi, ẹ má tìtorí ẹ̀ fi kún ẹ̀tù.
- Tí ìbọn bá kọ̀ tí kò dún, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò séèyàn, kí ẹ ní sùúrù. Ẹ má ki òmíràn lé e lórí.
- Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ inú ìbọn lẹ́yìn lílò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi epo sí i. Ẹ̀gbin ẹ̀tù dúdú ń fa omi mọ́ra. Ìpẹtà á sì máa jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀.
- Ẹ̀tù tó bá tutù, ẹ má yá a níná. Ẹ má kó o sí ilé ìdáná, ẹ má kó o síbi tọ́wọ́ ọmọdé lè tó. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ẹni tí ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀ bá ti gbó, tàbí tí kò ní rárá, kó lọ bá àwọn ọlọ́pàá kí ọ̀rọ̀ tó di ẹjọ́. Ní ti ẹ̀tù, ó lè wọ́n lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ọwọ́ èèyàn.