Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Táírọ́ìdì tó ń falẹ̀ díẹ̀, ṣé dandan ni oògùn?

Táírọ́ìdì ni ẹ̀yà ara kékeré iwájú ọrùn tó ń pèsè họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí bí ara ṣe ń lo agbára. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì ń falẹ̀, ọpọlọ a máa tú èròjà mìíràn, TSH, jáde lọ́pọ̀ láti ta á jí. Nígbà tí TSH bá ga díẹ̀ tí kò sì tó 10, ṣùgbọ́n tí họ́mọ̀nù táírọ́ìdì fúnra rẹ̀ ṣì pé, ìkánjú kò yẹ rárá, nítorí pé lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń padà sípò láìlo oògùn, èyí tó fi yẹ kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn oṣù 2 sí 3. Ìwádìí TRUST ti ọdún 2017, èyí tí àgbàlagbà 737 tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé levothyroxine, oògùn tó ń rọ́pò họ́mọ̀nù náà, kò dín àárẹ̀ wọn kù ju hóró tí kò ní oògùn nínú lọ. Bẹ́ẹ̀, àlòjù rẹ̀ lè da ìlùkìkì ọkàn rú. Ọ̀rọ̀ aláboyún àti obìnrin tó ń wá ọmọ yàtọ̀: kí wọ́n tètè lọ rí dókítà.